Oògùn Tí A Gbé Mì, Ibo Ló Gbà Nínú Ara?

Ọ̀rọ̀ oògùn ni a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí.

Bí ẹ bá ṣí àpótí oògùn nínú ilé Yorùbá kan ní South London, kí lẹ máa ń bá níbẹ̀? Ẹ ó bá paracetamol tí wọ́n rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún Dádì. Ẹ ó bá ìdajì káàdì Ampiclox tí àbúrò kan mú bọ̀ láti Èkó. Alabukun méjì tàbí mẹ́ta á wà nínú pọ́ọ̀sì Màmá, ìgò àgbo kan á sì wà nínú fíríìjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ara kan náà ni gbogbo wọn ń pàdé sí, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú yìí. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1946 ni Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas', tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Òun ló padà di mátírọ́ọ̀nù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ nípa bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń sọ pé ó le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú u palẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin péré ni:

1. Ibo ni oògùn yìí gbà wọlé?
2. Ibo ló lọ?
3. Kí ló ṣe nígbà tó débẹ̀?
4. Ibo ló gbà jáde?

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló yẹ kó mọ ìdáhùn. Ìyá tó ń fún ọmọ lóògùn ní òru gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń tọ́jú bàbá àgbà nílé náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi oògùn tó wà nínú ilé wa dáhùn wọn.

Ìrìn àjò oògùn

Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì 12 tó ń gba Peckham lọ sí Oxford Circus. Ó lè jẹ́ Elephant and Castle nìkan ni ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì á gbé yín gba Camberwell kọjá kó tó débẹ̀, á sì tún máa lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Oògùn orí fífọ́ kò mọ̀ pé orí ni ẹ rán òun sí. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e, gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ni òun náà ń dé: orí, ikùn, ọkàn, kíndìnrín. Bí obìnrin bá lóyún, ọ̀pọ̀ oògùn ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ti bá imú.

Oògùn tí a gbé mì á kọ́kọ́ yọ́ nínú ikùn. Inú ìfun kékeré ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lọ síbòmíràn, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà kọjá. Ẹ̀dọ̀ ni aṣọ́bodè inú ara. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní Heathrow ṣe ń tú ẹrù wò ni ẹ̀dọ̀ ṣe ń yẹ oògùn wò. Á gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á yí òmíràn padà, á sì jẹ́ kí ìyókù kọjá.

Oògùn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán. Irú rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń fọ́n sábẹ́ ahọ́n fún àyà dídùn, tí wọ́n ń pè ní GTN. Abẹ́ ahọ́n ló ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ tààrà láìkọ́kọ́ kan ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn abẹ́rẹ́, wọ́n á ní òun ló lágbára. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ lágbára ju hóró lọ, ọ̀nà tó gbà ló yá jù. Bí hóró bá lè ṣe iṣẹ́ náà, kò sídìí fún abẹ́rẹ́.

Bí oògùn ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ẹ̀dọ̀ á yí òmíràn padà, kíndìnrín á sì sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Oògùn tó ń tètè jáde ni a ń lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Èyí tó ń pẹ́ ni a ń lò lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, wọ́n ti ṣírò bí oògùn náà ṣe ń kúrò lára. Bí ẹ bá lo méjì pọ̀ nítorí pé ẹ gbàgbé ti àárọ̀, ẹ ń kó èrò tuntun sínú bọ́ọ̀sì tí àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò tíì bọ́ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ti dàgbà, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, oògùn á máa pẹ́ nínú ara rẹ̀, á sì máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń dín oògùn àwọn àgbàlagbà kù. Kì í ṣe pé wọ́n ń ahun sí wọn.

Alabukun inú pọ́ọ̀sì Màmá

Ta ni kò mọ Alabukun? Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1918. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, àwọn ènìyàn wa ṣì ń gbé e dání kọjá òkun. Kí ló wà nínú rẹ̀? Aspirin ni, pẹ̀lú caffeine, èyí tó wà nínú kọfí àti tíì. Nítorí náà, ohun tí a bá sọ nípa aspirin, Alabukun náà ni à ń bá wí.

Láti 1899 ni aspirin ti wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an títí di 1971, nígbà tí John Vane, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí níbí ní London, rí ìdí rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982 nítorí iṣẹ́ yìí. Ohun tó rí nìyí.

Bí ibì kan bá fara pa tàbí tí àìsàn wọ̀ ọ́, ara á pèsè àwọn ońṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Àwọn ońṣẹ́ yìí ló ń kígbe pé, "Ìrora wà níbí o!" Wọ́n ń mú kí ojú ibẹ̀ wú, wọ́n sì ń mú kí ara gbóná. Ohun tí aspirin ń ṣe ni pé ó ń ti ilé iṣẹ́ tí ara ti ń pèsè àwọn ońṣẹ́ náà pa. Ariwo á rọlẹ̀, orí fífọ́ á fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ońṣẹ́ yìí kan náà ní iṣẹ́ rere tí wọ́n ń ṣe níbòmíràn. Nínú ikùn, wọ́n ń jẹ́ kí ohun tó ń yọ̀ bo ara ikùn, kí omi kíkan tó ń lọ oúnjẹ má bàa jẹ ikùn fúnra rẹ̀. Nínú kíndìnrín, wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè wọlé. Aspirin kò yan èyí tó máa tì, gbogbo rẹ̀ ló ń tì. Ẹni tó bá ń lá Alabukun lójoojúmọ́ nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ó ń bọ́ aṣọ kúrò lára ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọgbẹ́ inú nìyẹn. Bí ìgbẹ́ ènìyàn bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀kan tún wà. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní platelet. Àwọn ló ń kóra jọ dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Aspirin kì í jẹ́ kí wọ́n lè kóra jọ mọ́, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé platelet náà, èyí tó jẹ́ bí ọjọ́ 7 sí 10. Ìyẹn ni pé ìrora lè padà lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí aspirin ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ yọ eyín yín, ẹ sì sọ fún dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, bí ẹ bá lo Alabukun. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin tàbí clopidogrel, kò gbọdọ̀ fi Alabukun kún un.

Agbára yìí kan náà ni dókítà ń lò nígbà tó bá fún ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn ní aspirin kékeré 75mg lójoojúmọ́. Àwọn aláboyún kan náà wà tí dókítà ń fún ní aspirin kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí kò bá sì kọ ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ fúnra yín.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àwọn òbí rèé: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ lo aspirin, àfi bí dókítà bá pàṣẹ rẹ̀. Ó lè fa àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Reye's syndrome, tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ jẹ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ọmọ. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní Alabukun, ì báà ṣe ìdajì, bó ti wù kí ara rẹ̀ gbóná tó. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, "Ṣebí wọ́n fún àwa náà nígbà tí a wà lọ́mọdé." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn òbí wa kò mọ ohun tí a mọ̀ lónìí.

Ibuprofen, tí ẹ mọ̀ sí Nurofen, jẹ́ ìbátan aspirin. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń tì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í pẹ́ tó ti aspirin. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, ó lè ni kíndìnrín lára, ó sì lè mú kí asímà dé bá àwọn kan. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, asímà, tàbí oyún, kó béèrè kó tó rà á.

Paracetamol: ọ̀rẹ́ tó ní ààlà

Paracetamol ni Panadol, Panadol ni paracetamol. Ọpọlọ ló ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ń dín bí a ṣe ń gbọ́ ìrora kù, ó sì ń mú kí ara tútù. Kì í bó ikùn bíi ti aspirin. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń kọ́kọ́ sọ pé ká lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbéèrè kẹrin: ibo ló gbà jáde?

Ẹ̀dọ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń tú paracetamol palẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di májèlé. Ẹ̀dọ̀ ní ohun tó fi ń pa májèlé náà kí ó tó ṣe ibi kankan. Bí ẹ bá lò ó níwọ̀n, kò séwu. Bí ẹ bá lò ó kọjá ààlà, ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa á á tán, májèlé á sì kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ààlà náà nìyí fún àgbàlagbà: hóró 500mg kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin láàárín ara wọn, kó má sì kọjá hóró 8 nínú wákàtí 24. Ẹni tó bá tín-ínrín gan-an, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, ààlà tirẹ̀ lè kéré sí èyí.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ń kọjá ààlà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òtútù mú màmá kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó lo Panadol méjì láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ó po Lemsip mu. Lálẹ́, ó lo co-codamol tó ṣẹ́ kù látìgbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún. Lójú tirẹ̀, oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lò. Lójú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, paracetamol ni gbogbo rẹ̀. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Bí ẹ bá ti rí "paracetamol" lára méjì, ọ̀kan ni kí ẹ mú.

Láti 1998 ni òfin ti dín iye tí ilé ìtajà lè fi sínú páálí kan kù: hóró 16 ní ilé ìtajà lásán, 32 ní kẹ́mísìtì. Ewu ẹ̀dọ̀ yìí ló fà á. Ẹni tó bá lò ó kọjá ààlà lè má rí nǹkan kan lára fún odidi ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kó má dúró kí ara ro ó. Kó lọ sí A&E kíá. Oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là, acetylcysteine, ń ṣiṣẹ́ jù lọ bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí 8. Ilé ìwòsàn King's ní Denmark Hill, tó jẹ́ ti àdúgbò wa, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ní ìlú yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀.

Fún àwọn ọmọdé, ẹ wo ọjọ́ orí tó wà lára ìgò. Paracetamol olómi ti ọmọ kékeré jẹ́ 120mg nínú 5ml, ti ọmọ ọdún mẹ́fà sókè jẹ́ 250mg nínú 5ml. Ìgò wọn lè jọra, agbára wọn kò jọra rárá. Ṣíbí tàbí sírínjì tó bá ìgò wá ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí tíì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru: oògùn tí a ń lò nígbà tí ara le

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ dà bí ọ̀pá rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. Bí rọ́bà náà bá fún, omi á máa ti ara rẹ̀ kíkankíkan. Títì yìí ló ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́ tó fi ń di rọpárọsẹ̀, òun ló ń ba kíndìnrín jẹ́, òun ló sì ń dá ọkàn lágara.

Amlodipine ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Ẹran ara tó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká nílò calcium kó tó lè fún iṣan náà. Amlodipine á ti ilẹ̀kùn tí calcium ń gbà wọlé, iṣan á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ráyè kọjá. Ó ń pẹ́ nínú ara gan-an: ó tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Nítorí náà ni a fi ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí agbára rẹ̀ tó pé. Bí ẹ bá lò ó lọ́jọ́ méjì tí ẹ kò rí ìyàtọ̀, ẹ ní sùúrù. Ó lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, oògùn mìíràn wà. Ẹ má kàn jù ú nù.

Àwọn kan máa ń bínú pé, "Kí ló dé tí oògùn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí tèmi?" Kì í ṣe ojúsàájú. Ìlànà NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà, tó jáde ní 2019, sọ pé fún ènìyàn tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà tàbí Caribbean, tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, irú amlodipine ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Nínú ara ọ̀pọ̀ wa, èròjà kan tó ń jẹ́ renin kì í sábà pọ̀, orí ọ̀nà renin yìí sì ni àwọn oògùn tí orúkọ wọn parí sí "-pril", bíi ramipril àti lisinopril, ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá lò wọ́n fún wa ní àwọn nìkan, agbára wọn kì í sábà tó.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: àwọn "-pril" yìí lè fa ikọ́ gbígbẹ. Wọ́n sì lè mú kí ètè, ahọ́n tàbí ojú wú lójijì, kódà lẹ́yìn tí ènìyàn ti lò ó fún oṣù púpọ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwa ènìyàn dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999 kíá. Nítorí èyí, ẹ má ṣe yá ara yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹni tó bá sì ní, "Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti wálẹ̀, mo ti dá oògùn dúró," kó mọ̀ pé oògùn ló gbé e wálẹ̀. Bí oògùn bá jáde tán lára, iṣan á tún fún padà.

Oògùn ṣúgà àti ààwẹ̀

Àwa Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì la jọ ń gbààwẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ mọ irú oògùn tó ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Metformin ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù. Òun nìkan kì í sábà mú kí ṣúgà já wálẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n gliclazide ń rán ara níṣẹ́ pé kó tú insulin jáde, bóyá a jẹun o, bóyá a kò jẹun o. Abẹ́rẹ́ insulin náà kì í dúró de oúnjẹ. Bí oúnjẹ kò bá sí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ní já geere mọ́, ó sì lè dákú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kó tẹnu bọ nǹkan dídùn lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́run kò ní bínú. Ẹ lọ bá GP tàbí nọ́ọ̀sì yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ààwẹ̀, wọ́n lè yí àkókò tàbí ìwọ̀n oògùn padà.

Ampiclox tó ṣẹ́ kù

Ní 1928, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Paddington, ni Alexander Fleming ti rí penicillin. Ìdílé rẹ̀ ni ampicillin, amoxicillin àti Ampiclox ti wá. Bakitéríà ní ògiri tó yí ara rẹ̀ ká, ara tiwa kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Penicillin kì í jẹ́ kí bakitéríà lè mọ ògiri rẹ̀ dáadáa. Ògiri á ya, bakitéríà á kú, a kò sì ní fara pa. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ṣùgbọ́n kòkòrò fáírọ́ọ̀sì, tó ń fa ọ̀fìnkìn àti òtútù, kò ní ògiri tí penicillin lè wó. Bí dókítà bá kọ̀ láti fún yín ní oògùn apakòkòrò fún ọ̀fìnkìn, kì í ṣe pé ó ń ṣe awun. Oògùn náà kò ní rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lo ìdajì tó ṣẹ́ kù, àwọn bakitéríà tí kò lágbára á kú, àwọn alágbára á ṣẹ́ kù, wọn á sì bímọ tí oògùn náà kò ní ràn mọ́. Ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì dá ìyókù padà sí kẹ́mísìtì.

Tetracycline, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí a mọ̀ nílé, kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 àti aláboyún, nítorí ó ń dì mọ́ calcium inú eyín ọmọ, ó sì ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Bí ẹ bá fi mílíìkì gbé e mì, calcium inú mílíìkì á dì í mú nínú ikùn, kò sì ní ráyè wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ ò rí i? Ìbéèrè kìn-ín-ní nìyẹn.

Àgbo kì í ṣe omi lásán

A kò ní bú àgbo. Oògùn ni. Ìdí tí ó fi yẹ ká ṣọ́ra fún un gan-an nìyẹn. Ẹ wo asofẹyẹjẹ. Ó pẹ́ tí àwọn onísègùn Yorùbá ti ń fi tọ́jú wèrè. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine jáde láti ara igi kan ní Íńdíà tó jẹ́ ìbátan asofẹyẹjẹ, wọ́n sì lò ó káàkiri ayé fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọpọlọ. Ìyẹn ni pé àwọn bàbá wa kò ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo amlodipine, tó tún ń mu àgbo tí asofẹyẹjẹ wà nínú rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ló ń lò láìmọ̀. Òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n kọ 5mg tàbí 10mg sára páálí amlodipine. Wọn kò kọ nǹkan kan sára ìgò àgbo, ti oṣù yìí sì lè le ju ti oṣù tó kọjá. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró ṣe kò sì bá Flagyl lọ, nítorí ọtí ni.

Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń mu àgbo. Ẹ má tijú. Kò sí ẹni tó máa jà yín níyà. Ohun tí kò bá mọ̀ ni kò lè ṣírò.

Kí ni kí a ṣe báyìí?

Ẹ kó gbogbo oògùn ilé yín, pẹ̀lú Alabukun àti àgbo, sínú báàgì kan. Ẹ gbé e lọ bá apòògùn ní kẹ́mísìtì àdúgbò. Kò sídìí fún àpọ́ńmẹ́ǹtì, ọ̀fẹ́ sì ni ìmọ̀ràn rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa, kí ẹ fi ìkarùn-ún kún un: "Ṣé wọ́n lè jọ gbé pọ̀ nínú ara kan?"

Bí ẹ bá ti lé ní ọdún 40 tí wọn kò tíì sọ pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ kẹ́mísìtì ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù May 2024, £9.90 ni owó oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ ní England. Àwọn tó ti pé ọdún 60, ọmọ tí kò tíì pé 16, aláboyún àti ìyálọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, tí wọ́n ti gba káàdì rẹ̀, kò ní san. Ẹni tó ń lo oògùn fún ìtọ̀ ṣúgà náà lè gba ìwé tí kò ní jẹ́ kó san. Bí owó tó ń wọlé bá kéré, ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù HC1. Bí oògùn yín bá pọ̀, ìwé àsansílẹ̀ ọlọ́dún kan, tó jẹ́ £114.50 ní 2024, á dín ìnáwó kù. Ẹ má ṣe pín hóró sí méjì nítorí owó kí ẹ tó bi wá.

Gbogbo ènìyàn ló lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP ní England, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ rí. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ oògùn.

Ẹ pe 111 bí ọ̀rọ̀ kò bá ṣe kedere, 999 bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ka èyí fún màmá yín nílé. Bí ẹ bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un lédè Yorùbá tó sì yé e, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé. Abéèrè kì í ṣìnà. Ìlera lọrọ̀. Ó dìgbà kan ná.